Òkè Tí A Kì Í Gùn Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọdẹ ìlú yìí, kí ẹ sì bá mi bẹ ẹni tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé yẹn kó fi ọmọ odó sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ohùn mi kò lè bá odó du ariwo mọ́. Èmi ni Ọdẹ́gbèmí, ọkọ Abọ́sẹ̀dé, baba Ọdẹ́rìndé. Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ mi rí, ohun tí wọn yóò ti sọ fún yín ni pé mo fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì, pé èmi àti ẹkùn pàdé lẹ́nu ìsun omi lọ́jọ́ ọ̀dá, ẹkùn sì ní kí n kọ́kọ́ mu nítorí pé àgbà ni mí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí kò bá sì jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ẹ má bá mi jà sí i, ó máa ń dùn mọ́ èmi náà láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìhalẹ̀ kọ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín lónìí. Ẹrù ni mo rù wá, ẹrù náà sì wúwo ju ẹran èyíkéyìí tí mo tíì gbé ti igbó bọ̀ lọ. Ẹ bá mi sọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ìran tiwa fi ń kọ́ ọmọ kí a tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. A ó ní: "Bí o bá ṣìnà, má sáré, má sì wá ilé. Ẹni tó ṣìnà tó tún ń wá ilé, ńṣe ló ń jìnnà sí ilé. Wá ibi tó ga jùlọ ní ilẹ̀ tí o bá wà. Gùn ún. Dá iná, da ewé tútù lé e, fi awọ ẹran bo èéfín kí o sì máa ṣí i: kúkúrú, kúkúrú, gígùn. Kí o wá jókòó. Èmi yóò wá bá ọ." Baba mi kọ́ mi, mo kọ́ Ọdẹ́rìndé, ọmọ kan ṣoṣo tí Abọ́sẹ̀dé bí fún mi. Nígbà tí ọmọ náà kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so ṣòkòtò, ó ti mọ kúkúrú, kúkúrú, gígùn. Nígbà tó di géńdé, ó ta ẹfọ̀n kan níbọn, ẹfọ̀n náà kò kú, ó gbé ọgbẹ́ sá wọ Igbó Arèmábọ̀, ọmọ mi sì tẹ̀lé e. Ẹ̀yin náà mọ igbó yẹn. Ilẹ̀ méje ló yí i ká, ẹni tó bá sì bá ẹnu ọ̀nà kan wọlé kò mọ èyí tí yóò bá jáde. Ọmọ kò dé lọ́jọ́ kejì. Kò dé lóṣù kejì. Àwọn ọdẹ ìlú wa wá sílé mi pẹ̀lú ojú rírẹ̀, wọ́n ní ó yẹ kí a kó àwọn ohun ọdẹ rẹ̀ jọ, kí a gbé e lọ sígbó, kí a ṣe ìṣípà rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún ọdẹ tó bá kú, kí òun lè máa lọ, kí àwa náà sì simi.

Àpò ọmọ náà ti wà lọ́wọ́ olórí ọdẹ nígbà tí Abọ́sẹ̀dé jáde láti ibi ìdáná. Ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọbẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin baba mi. Ta ló kú?" Olórí ọdẹ ní, "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ yìí—" Ó ní: "Mi ò bi yín ní ọ̀rọ̀. Òkú ni mo béèrè. Ẹni tí ẹ ò rí òkú rẹ̀ lẹ fẹ́ ṣípà? Baba rẹ̀ kọ́ ọ pé kó jókòó síbi tó ga, ó sì ti jókòó síbi tó ga. Bí ẹ bá mọ ibi tó ga, ẹ júwe rẹ̀ fún mi." Wọ́n ní ilẹ̀ méje ni, ibi gíga méje ni. Ó ní: "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Méje kì í ṣe ẹgbẹ̀rún." Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ fún un pé kó dúró sílé, pé obìnrin kì í bá ọdẹ rìn nírú igbó bẹ́ẹ̀, pé ọdẹ ń rìn bí òjìji, obìnrin ń rìn bí agogo. Ó ní: "Ẹ máa wí, Baba Ọdẹ́rìndé, mo ń gbọ́. Tí ẹ bá wí tán, ẹ bá mi gbé ìkòkò yìí rù." Ìkòkò, iṣu, iyọ̀, ata gígún, àti àpótí ìjókòó tó máa ń lò nídìí ààrò! Mo ní àpótí ńkọ́? Ó ní òkè olókè ni a ń lọ, òun ò mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn, òun ò lè fi ìdí òun ra ìjàngbọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ ó gbọ́ bóyá ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ tí a kọ́kọ́ dé tẹ́jú bí ẹní. Tí ewúrẹ́ bá dúró níbẹ̀, òun ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A bá baba kan tó ń tu koríko, mo kí i, mo bi í pé níbo ni ibi tó ga jùlọ nílẹ̀ wọn. Ó dá ọkọ́ dúró, ó wò mí bíi pé mo bú u. "Àlejò, ṣé ẹ ò rí i láti òkèèrè ni?" A wo ọ̀tún, a wo òsì. Ó na ìka. "Ààtàn wa ni! Àwọn baba ńlá wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, àwa náà ò sì fọwọ́ lẹ́rán. Kò sí ìlú tó ní irú rẹ̀." Abọ́sẹ̀dé yí ojú sí mi, ó rọra ní, "Torí èyí ni mo ṣe di ìró mẹ́ta," kò sì sọ nǹkan míì. A gun ààtàn. Ẹ̀yin ọdẹ, èmi tí mo ti gun ìrókò ní òjò! Èèpo iṣu ń yọ̀ mí lẹ́sẹ̀, adìẹ ń wò mí bí ẹni wo olè. Nígbà tí a fẹ́ẹ́ dé orí rẹ̀, ààtàn náà mí. Nǹkan kan dìde nínú rẹ̀: àfọ́kù ìkòkò ni orí, àkísà ni irun, egungun ẹja ni eyín, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ìdí igbá méjì tó ti jó. Ó ní, "Ta ló ń gùn mí láì sọ ohun tó wá dà nù?" Mo gbé ìbọn. Abọ́sẹ̀dé ní, "Ẹ kú ilé, Baba Aláàtàn. A ò da nǹkan nù o, nǹkan ló sọnù lọ́wọ́ wa. Ọmọ wa ni." Ẹbọra náà yí ojú igbá rẹ̀ méjèèjì sí i. Ó ní: "Gbogbo ẹni tó ń wá síbí, wọ́n ń wá dà nù ni. Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá ṣà. Ẹ gòkè. Ṣùgbọ́n òfin kan ni gbogbo òkè ní, èmi náà ní in, bí mo tilẹ̀ kéré: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gíga ń rí ènìyàn. Ẹ fọwọ́ kanlẹ̀ kan ahọ́n pé ẹ kò ní padà wá. Ẹni tó bá gun òkè kan lẹ́ẹ̀mejì, ara gíga òkè náà ni yóò dà. Báwo lẹ rò pé òkè ṣe ń ga?" A búra. Ìbúra náà kò tilẹ̀ nira. Ta ló fẹ́ gun ààtàn lẹ́ẹ̀mejì? A dáná, a rú èéfín, kúkúrú, kúkúrú, gígùn, a wo gbogbo etí ọ̀run yíká. Kò sí èéfín kankan tó dá wa lóhùn.

Òkè kejì kì í ṣe eré. Òkúta lásán ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó pá bí orí baba àgbà. Nígbà tí a gùn ún dé ìdajì, ó rẹ̀ mí, mo rí òkúta kan tó rọra tẹ̀ bí ìjókòó, mo fẹ́ gbé ìdí lé e. Abọ́sẹ̀dé di apá mi mú. "Baba Ọdẹ́rìndé, ẹ má jókòó." Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ wo orí rẹ̀." Mo wò ó. Òkúta náà wé gèlè. Mo wo èkejì, òkúta náà ká ẹsẹ̀ kò bí ọkùnrin tó ń sinmi lẹ́yìn oko. Gbogbo wọn ló jókòó, gbogbo wọn ló kọjú sí ìsàlẹ̀. Àwọn tó gùn ún lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Àpótí aya mi kò tún pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Èmi gan-an bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fi ìdí ẹ̀gbẹ́ kan bà á. Bí a ti ń du àpótí lọ́wọ́ ni olókè náà yọ sí wa, ẹbọra tí kò ní ojú lórí, orókún rẹ̀ méjèèjì ni ojú rẹ̀ wà, tó fi jẹ́ pé tó bá dúró, ọ̀nà ló ń wò, tó bá lóṣòó, ọ̀run ló ń wò. Ó ní, "Ẹ dá mi lóhùn, kí n jẹ́ kí ẹ kọjá. Kí ló ń gòkè tí kì í sọ̀?" Mo sáré dáhùn, ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í dúró de orí mi. Mo ní, "Oòrùn!" Ó ní, "Oòrùn a máa wọ̀," ó sì fi ọwọ́ kan gbá mi lẹ́sẹ̀ mú. Mo ní, "Ọ̀pẹ!" Ó ní, "Ọ̀pẹ a máa wó," ó fi ọwọ́ kejì mú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi bí ẹni fún aṣọ tí wọ́n fọ̀. Mo kígbe pé kí aya mi da ata sí i lójú. Abọ́sẹ̀dé ti jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó ní, "Ata ò pọ̀ mọ́. Èéfín ni." Ẹbọra náà jù mí sílẹ̀. Ó lóṣòó kó lè wo ojú obìnrin náà dáadáa. Ó ní, "Èéfín ni lóòótọ́. Kí ló jẹ́ kí o tètè mọ̀ ọ́n?" Ó ní, "Òun ni mo ń wá kiri." A gòkè, a búra, a dáná, a wò. Kò sí nǹkan.

Ẹ má jẹ́ kí n fi gbogbo rẹ̀ sú yín. Ní ilẹ̀ kan, òkè wọn jẹ́ amọ̀ lásán, òjò rọ̀ nígbà tí a wà lórí rẹ̀, orí ìdí ni a bá sọ̀kalẹ̀, Abọ́sẹ̀dé níwájú, èmi lẹ́yìn, ìkòkò lẹ́yìn èmi, ó ń lé mi bọ̀ bí onígbèsè. Ní òmíràn, ìlú méjì ló ń du orí òkè kan, olúkúlùkù ní tòun ni, wọn ò sì jẹ́ kí tọkọtaya bá ọ̀nà kan náà gùn. Èmi bá ti ìhà ìlà-oòrùn lọ, òun bá ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀, a pàdé lókè bí àjèjì. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o, ìyá." Ó ní, "Hòo. Ṣé ẹ rí ọkùnrin arúgbó kan lọ́nà, tí ìbọn rẹ̀ ga jù ú lọ?" A rẹ́rìn-ín lórí òkè yẹn débi pé omi jáde lójú wa. Lẹ́yìn náà ni a dáná, a wò yíká, ẹ̀rín náà sì tán, ṣùgbọ́n omi ojú kò tán. Bí òkè ti ń tẹ̀lé ara wọn ni ẹsẹ̀ aya mi ń wú, tí iṣu ń dínkù, tí ìgbàgbọ́ mi ń gbẹ. N kò sọ fún un. Ìrètí obìnrin yẹn nìkan ni a ń jẹ, n kò fẹ́ fi ẹnu kàn án.

Òkè kẹfà ni ọ̀rọ̀ wà. Òkè náà wọ ìkùukùu bí aṣọ, kì í bọ́ ọ àfi nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Aríjàjẹ, ó sanra, ẹnu rẹ̀ ti etí dé etí, ìjà ni oúnjẹ rẹ̀, kì í jẹ iṣu, kì í jẹ ẹran. Ó nu ẹnu nígbà tó rí wa. "Tọkọtaya! Ó pẹ́ tí mo ti jẹ irú èyí. Ẹ jà, kí n yó, kí ẹ kọjá." Mo ní èyí mà rọrùn o, ta ló gbé ìyàwó pẹ́ tó èmi tí kò ní ìjà nílé? Mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí! Ọbẹ̀ tí o sè láná, iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù!" Abọ́sẹ̀dé ní, "Ẹ ṣé o, màá dín in kù." Aríjàjẹ fi ahọ́n tọ́ afẹ́fẹ́ wò. Ó ní, "Èyí tẹ́." Mo tún gbìyànjú: "Ìyá rẹ! Lọ́jọ́ ìyàwó wa, ìyá rẹ bu ẹran jẹ nínú àwo mi!" Ó ní, "Ìyá mi ti kú, ẹ jẹ́ kí ẹran náà dà nínú rẹ̀." Ẹ̀rín gbé mi. Ó gbé òun náà. Àwa méjèèjì dúró níbẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ẹbọra ń sunkún ebi. Àfi bí ẹ̀rín Abọ́sẹ̀dé ṣe dá dúró. Kò gbé ohùn sókè, ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tó wà nínú ilé. Ó ní:

"Mo gbọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń kọ́ ọ. Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo ń ṣa ẹ̀wà. Gbogbo ìyá ló ń sọ fún ọmọ pé bó bá di ìrọ̀lẹ́ kó máa bọ̀ nílé. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ní rárá, ẹ ní kó má wá ilé, ẹ ní kó jókòó, ẹ̀yin ni ẹ ó wá. Ó gba tiyín gbọ́ ju tèmi lọ. Baba Ọdẹ́rìndé, ó ti jókòó. Ẹ̀yin ò tíì wá."

Ẹnu mi tí kì í dúró de orí mi, ó dúró. Aríjàjẹ gba ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó tu ú sílẹ̀. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ìjà. Ó korò. Ẹ fọwọ́ kanlẹ̀ kan ahọ́n, kí ẹ máa gòkè, ẹ má fún mi ní nǹkan mọ́."

Lórí òkè náà, ìkùukùu kò jẹ́ kí a rí àtẹ́lẹwọ́ wa. A dáná síbẹ̀síbẹ̀. A rú èéfín títí iṣu wa fi tán. Abọ́sẹ̀dé ní kí a dúró de ọjọ́ tí ìkùukùu yóò ká. Èmi ni mo ní kí a má dúró. Mo ní òkè kan ṣoṣo ló kù. Bí ọmọ kò bá sí lórí mẹ́fà, orí ìkeje ló wà. Kí ni a ń jókòó ṣe? Ó gbà. A bá ẹ̀yìn òkè sọ̀kalẹ̀. Àfonífojì kan wà láàárín òkè méjèèjì, igbó ibẹ̀ ki débi pé ọ̀sán ń ṣe bí àṣálẹ́. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ lápá ọ̀tún wa, ó ń ya igi, ó ń fò kọjá gbòǹgbò. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ òfin wa: ọdẹ kì í kí ẹsẹ̀ tí kò tíì rí ojú rẹ̀. Mo fa aya mi sẹ́yìn igi àràbà, mo bò ó mọ́lẹ̀. Ó ya ẹnu láti pariwo, mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí i. Ẹsẹ̀ náà kọjá, ó gba ọ̀nà òkè kẹfà lọ. Nígbà tí mo mú ọwọ́ kúrò, mo ní, "Ìgalà ni." Ó ń wo ọ̀nà tí ẹsẹ̀ náà gbà. Ó ní, "Ìgalà kì í mí bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó ń ṣọ́ òkè keje jẹ́ ìyá arúgbó kan tí ara rẹ̀ hu ewé, tí ẹyẹ sì kọ́ ilé sí èjìká rẹ̀. Kò pàlọ́ fún wa, kò béèrè owó ibodè. Ó kàn wò wá, ó wo ìbọn mi, ó wo ojú aya mi. Ó ní, "Ẹ pẹ́ o. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní imú yìí ti búra níbí. Ó gòkè lọ jókòó. Ó jókòó débi pé mo gbàgbé pé ènìyàn ni. Ojoojúmọ́ ló ń rú èéfín, ṣùgbọ́n òkè kẹfà ga, òun ló dí tirẹ̀ lójú gbogbo ilẹ̀ tó kù. Láàárọ̀ yìí ni afẹ́fẹ́ ya ìkùukùu òkè kẹfà bí ẹni ya aṣọ, kò ju ìṣẹ́jú ojú lọ, ó sì rí èéfín níbẹ̀. Ó kígbe. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọfà, ó ń sọ pé, 'Baba mi ni, kúkúrú, kúkúrú, gígùn, baba mi ni.' Ẹ ò pàdé rẹ̀ lọ́nà?"

Abọ́sẹ̀dé kò wojú mi. Ó búra fún ìyá arúgbó náà, ó gòkè lọ, mo tẹ̀lé e. Eérú iná wà lókè, ó ṣì gbóná. Èèpo iṣu wà níbẹ̀, ó bó o ní gígùn láì já a, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bó o. Ibì kan wà tí koríko kò hù mọ́, ó fẹ̀ bí ìdí ènìyàn kan. Aya mi gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ọmọ rẹ̀ ti jókòó. Nígbà tí ìkùukùu òkè kẹfà ká, a rí i. Èéfín. Kúkúrú, kúkúrú, gígùn. Abọ́sẹ̀dé ló dá iná. A dá a lóhùn. Ó dá wa lóhùn. A ń kí ara wa bẹ́ẹ̀ títí ewé tútù fi tán lórí òkè, bí ẹbí tó pàdé lọ́nà oko, tí wọn ò fẹ́ parí ìkíni. Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ dé bá wa. Òun ti búra níbi tí a wà. Àwa ti búra níbi tó wà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Aríjàjẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí n kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹkùn. Mo ní, "Ọmọ mi wà lókè." Ó ní, "Mo mọ̀. Kò rí ẹni bá jà nígbà tó dé, ara rẹ̀ ló bá jà: èé ṣe tó fi kúrò ní ìjókòó rẹ̀, èé ṣe tí kò fi tètè kúrò. Mo yó lọ́jọ́ náà." Mo ní kó bá mi pè é kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ìjà ni mo ń jẹ, n kì í jẹ́ iṣẹ́." Mo pariwo orúkọ ọmọ mi títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ya. Ìkùukùu gba ohùn náà, ó pa á mọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ̀ fúnra rẹ̀, ṣé kò rí i pé a wà nítòsí ni? Aríjàjẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹ̀ẹ̀kan ló kúrò níbi tó jókòó, ó sì pàdánù yín. Ó ti búra fún ara rẹ̀ pé òun ò tún ní kúrò mọ́ láé. Ó jókòó dáadáa. Ta ló kọ́ ọ?"

Báyìí ni a ṣe wà. Abọ́sẹ̀dé wà lórí òkè keje, ó ń ṣọ́ iná. Bí iná náà bá kú, ọmọ yóò rò pé a ti lọ, yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú Igbó Arèmábọ̀ láti wá wa, a ò sì ní rí i mọ́. Nítorí náà kò lè sọ̀ kalẹ̀. Èmi kò lè tún gùn ún bá a. Ẹsẹ̀ òkè ni mo ń gbé iṣu dé, òun a sọ okùn sílẹ̀, a fà á gòkè, a sì bá mi sọ̀rọ̀ láti òkè wá. Ó máa ń bi mí pé, "Ẹ ti jẹun?" Mo máa ń sọ pé mo ti jẹun. Ọ̀yẹ́ ti fẹ́ kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, òjò ti rọ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọdẹ, ohun tí mo bá wá nìyí. Ẹ̀yin kò tíì gun òkè kẹfà rí. Òkè náà kò tíì rí yín. Ẹni kan ṣoṣo ni mo ń wá, tí yóò gùn ún lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sọ fún ọmọ náà pé kó dìde, pé baba rẹ̀ ní kó máa bọ̀ nílé, kó mú un sọ̀ wá bá mi. Mo rí bí ẹ ṣe ń wolẹ̀. Mo rí ìyá tó ń fa ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀wù gbérí ọdẹ láti ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe ìtìjú, mo ti dé àwọn ìlú kan kí n tó dé ìlú yín, wọ́n fún mi ní iṣu, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Mo mọ iye tí Aríjàjẹ ń gbà. Ìjà tí ẹni tí ẹ fẹ́ràn kò ní gbàgbé ni, kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń fi ṣe àlejò lóore.

Ohun kan ló kù tí n kò tíì sọ. Láàárọ̀ tí mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ojú ọ̀run mọ́ kedere, mo wo òkè kẹfà, n kò rí èéfín níbẹ̀. Mo dúró pẹ́. Abọ́sẹ̀dé ké sí mi láti òkè, ó ní, "Ìkùukùu ló bò ó, Baba Ọdẹ́rìndé, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìkùukùu ló bò ó.

Nítorí náà, ẹni tó bá lọ nínú yín, bó bá dé orí òkè náà tí kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kó má wulẹ̀ wá mi wá láti sọ fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ ni, kó kó ewé tútù jọ, kó dá iná síbẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Kúkúrú, kúkúrú, gígùn. Ìyá ọmọ náà ń wo ibẹ̀.